Kànga Tí A Kò Gbẹ́ Parí ní Mowe

Bí ìgbà tí wọ́n ń da ìrẹsì sínú páànù ló kọ́kọ́ dún létí mi. Yanrìn ni, ó ń já bọ́ lára ògiri kànga, ó ń dà sí mi lọ́rùn.

Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn ká ni, tí àwọn ará Èkó ń sáré kọ́lé sí Mowe. Iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ló gbé èmi àti ọ̀gá mi wá láti apá Ọ̀ṣun. Mo ti fọ́nnu káàkiri àdúgbò pé kò sí kànga tó lè dẹ́rù bà mí. Ríìngì kọnkéré tó yẹ kó di ògiri mú kò tíì dé láti Ìfọ̀, ṣùgbọ́n ìyá onílé tó gbéṣẹ́ fún wa ń kánjú, mo bá wọ kànga náà láìsí ríìngì.

Òfin iṣẹ́ wa ni pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò gbọdọ̀ dákẹ́. Kó kọrin, kó bú ẹni tó di okùn mú, èyí tó bá wù ú. Bí wọn ò bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, kí wọ́n fà á sókè. Èmi aláròyé dákẹ́, mo ń tẹ́tí sí yanrìn. Ọ̀gá mi ò béèrè nǹkan kan, ó fà mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé òkè ni ògiri wó, ó bo ṣọ́bìrì mi mọ́lẹ̀.

Nígbà tí a sọ pé a ò ní wọ̀ ọ́ mọ́, ìyá onílé ní, “Màá wá ẹlòmíì tí kì í ṣojo.”

Ọ̀gá mi ní, “Ó dáa, Mọ́mì. Ẹ kọ́kọ́ bá wa sọ̀kalẹ̀ lọ mú ṣọ́bìrì wa.”

Mo sáré lọ di ẹrù mi. Ìyàwó mi lóyún, mo gbà pé kí n sá lọ ló bójú mu. Ọ̀gá mi bá mi nídìí ẹrù, ó ní, “Ìwọ ti jáde. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń gba ibẹ̀ kọjá ńkọ́? Ta ló máa fà wọ́n?”

Mo tú ẹrù. A fi pákó yí ihò náà ká, a sì ń jókòó tì í láràárọ̀ àti nígbà tí iléèwé bá jáde. Ìyá onílé wá láti bá wa jà. Ilẹ̀ ya níwájú bàtà rẹ̀. Kò jà mọ́. Ó ní ká pe típà kó wá da yanrìn dí ihò náà.

Lọ́jọ́ tí yanrìn kún ihò náà dé ẹnu, ọ̀gá mi ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ wò ná, kí n tó gbé èkejì lé e. Bí mo ṣe kúrò lórí rẹ̀, ọmọ iléèwé méjì gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n ń jà lórí gúgúrú, wọn ò tilẹ̀ wolẹ̀. Mo ti wọ ọ̀pọ̀ kànga lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀rù sì ń bà mí nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ mi bá ní kí n sọ iṣẹ́ tí mo fọwọ́ mi ṣe tó dùn mọ́ mi jù, èyí tí kò lómi yìí ni mo máa ń sọ.