Wọ́n Ní Ẹja Ti Kó Lọ

Wọ́n ní ẹja ti kó lọ. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mì tìtì, tí ìsàlẹ̀ òkun náà sì mì, gbogbo ẹja tó wà níwájú èbúté péjọ, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n sì forí lé òkun mìíràn tí ilẹ̀ ibẹ̀ fara balẹ̀. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì létí omi ní òun fojú ara òun rí wọn: àwọn àgbà níwájú, àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn, ìyá ẹja kan sì ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ pé kí wọ́n yéé fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Wọ́n bi í pé ẹsẹ̀ wo lẹja ní. Ó ní ohun tí òun rí lòun ń sọ, òun ò sọ pé òun lóun dá wọn.

Àwọn èèyàn ì bá kàn fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹja ò sí lóòótọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni apẹja kan tí gbogbo èbúté ń pè ní Ojú-Àwòdì. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń tẹnu mọ́ ọn títí tó fi mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu. Bó bá ti ojú agbami dé, á ní láti ọ̀hún lòun ti rí ẹnì kan tó ń tọwọ́ bọmú lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Kò sẹ́ni tó lè jà á níyàn, torí ta ni yóò jáde wá sọ pé òun kọ́ lòun ń tọwọ́ bọmú?

Ojú yẹn náà ló fi ń jẹun. Àpáta kan wà lábẹ́ òkun tí kò fẹ̀ ju àgbàlá ilé kan lọ, orí ẹ̀ làwọn ẹja ńláńlá máa ń kóra jọ sí. Omi ò ní òpópónà, wọn kì í sì í kọ àdírẹ́sì sára ìgbì, ohun tó wà lórí ilẹ̀ lapẹja fi ń mọ ibi tó wà. Tí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ bá ti bọ́ sáàárín òkè méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí táǹkì omi dúdú tó wà lórí ilé iṣẹ́ oníyìnyín sì bo òpó rédíò mọ́lẹ̀, ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Apẹja kì í sọ àmì rẹ̀ fẹ́nì kan. Ojú-Àwòdì ò sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá, tí wọ́n jọ ń du aṣọ ìbora kan náà látìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì pé. Àwọn ọkọ̀ yòókù kàn máa ń tẹ̀ lé e ni, wọ́n á wá tò yí i ká bí ọmọ adìyẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ kọ́kọ́ mì, omi pọ́n rúsúrúsú, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ kan kú, wọ́n léfòó, àwọn tó kù sì sá. Òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹja sọ ọ́ lórí rédíò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn: ìmìtìtì ilẹ̀ máa ń dẹ́rù ba ẹja, á sì ru ẹrẹ̀ sókè, àmọ́ tí omi bá ti tòrò, ọ̀pọ̀ wọn á padà. Omi tòrò. Ojú-Àwòdì lọ. Ó fi òrùlé sáàárín òkè, ó fi táǹkì bo òpó, kò yẹ̀ rárá. Ìdákọ̀ró rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀, ó ní ìmìtìtì náà ló da ẹrẹ̀ bo àpáta. Ó ju ìwọ̀, ó fà á sókè, ìjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe há a. Ó tún lọ, ó tún lọ, pàbó ló ń já sí. Àwọn tó tò yí i ká náà ń bá a fa omi lásán. Kí wọ́n tó dé èbúté, ẹja inú ìtàn obìnrin oníbúrẹ́dì á ti rin ìrìn-àjò díẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, obìnrin náà ní wọ́n ti ń kọ́lé lọ́hùn-ún.

Àkọ́bí Ojú-Àwòdì, obìnrin tó ń ránṣọ nílùú ńlá, gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Tí kò bá mú ẹja bọ̀ lọ́jọ́ náà, kó jọ̀ọ́, kó ta ọkọ̀ ojú omi, kí bàbá àti màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ojú tó ríran tóyẹn, ó ní, á wúlò gan-an fún kíki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó sì lè máa bá òun rán bọ́tìnnì. Ojú-Àwòdì fẹ́ fèsì, ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó wo ìkòkò, ó tún wò ó. Ló bá ní ó dáa.

Káfíńtà àdúgbò ò dúró de Sátidé. Ó ti wá wo ọkọ̀ náà, ó ní tí òun bá tú u, bẹ́ńṣì mẹ́fà ló máa fún òun, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí ibi tí ayùn yóò gbà. Ojú-Àwòdì fọwọ́ nù ún. Káfíńtà tún un fà.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, Ojú-Àwòdì lọ bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ilé iṣẹ́ oníyìnyín, níbi tó ti máa ń jókòó tún àwọ̀n ṣe. Ó bá a tó fi àkísà borí, tó ń ti àpótí ìjókòó síwá sẹ́yìn. Ó bi í pé kí ló ń lé e kiri.

"Oòrùn ni, Bàbá wọn. Látìgbà tílẹ̀ ti mì lòjìji tí mo máa ń jókòó sí ti sá lọ. Bóyá òun àti ẹja yín ni wọ́n jọ wọkọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò gbọ́ ọ rí pé òjìji ń sá.

"Tí wọ́n bá gbé táǹkì kúrò, kí lòjìji táǹkì fẹ́ dúró ṣe?"

Ọkọ rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó bi í pé táǹkì wo. Ìyàwó rẹ̀ ní táǹkì orí ilé yìí náà ni; òrùlé sán nígun ibí lọ́jọ́ ìmìtìtì, ni oníyìnyín bá kó èèyàn jọ, wọ́n tì í lọ sí igun kejì. Gbogbo èbúté ló mọ̀. Ojú-Àwòdì gbójú sókè, ó rí i. Láti ojú omi, táǹkì dúdú lórí òrùlé ò yàtọ̀ sí táǹkì dúdú lórí òrùlé, ìwọ̀nba tó sì yẹ̀ lórí ilẹ̀ yìí, kó tó dé ojú agbami, á ti gbé èèyàn jìnnà pátápátá sí àpáta náà. Ká ní ojú ẹ̀ ń ṣe bàìbàì díẹ̀ ni, ì bá ti ṣèèṣì bọ́ sórí ẹ̀.

Kò sí bó ṣe lè ṣe é mọ́, ó ní láti sọ àṣírí. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi ṣubú lé àwọ̀n.

"Ẹ fi àmì pa mọ́ fún mi láti gbogbo ọdún yìí wá, abẹ́ ẹ̀ gan-an ni mo sì ń jókòó sí gba atẹ́gùn."

Láàárọ̀ Sátidé, obìnrin náà gun òrùlé, òun àti oníyìnyín, wọ́n na aṣọ ìbùsùn funfun tọkọtaya náà sí igun tí táǹkì wà tẹ́lẹ̀. Oníyìnyín ti kìlọ̀ fún un pé òrùlé ibẹ̀ ò lè gbé táǹkì mọ́, àfi ẹni tí kò bá tíì jẹun yó. Obìnrin náà ní kó fọkàn balẹ̀, ẹja wo lòun fẹ́ fi yó? Àkọ́bí wọn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó rí ìyá rẹ̀ lókè pẹ̀lú aṣọ ìbùsùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀ kalẹ̀, kò tíì burú tóyẹn. Ìyá rẹ̀ tún aṣọ náà nà dáadáa. Nígbà tó pẹ́, ó ní táǹkì kì í sọ̀rọ̀.

Lójú omi, Ojú-Àwòdì kọjá ibi tó ti ń dúró láti ọjọ́ yìí, àwọn ọkọ̀ yòókù sì ń wo ara wọn. Ó wa ọkọ̀ títí aṣọ funfun fi bo òpó rédíò, ó ju ìdákọ̀ró. Kò rì sínú ẹrẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ró gbà lára òkúta, okùn náà sì gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ kígbe, ó kó ara rẹ̀ níjàánu, ó há ìjẹ sẹ́nu ìwọ̀. Ìwọ̀ ò tíì débi tó ń lọ tí nǹkan kan fi fà á bí ẹni tébi ti ń pa tipẹ́.

Ẹja tó kó bọ̀ mú kí ọkọ̀ náà wọ omi débi ìlà ṣọ́ọ̀kì. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló yọ àkísà nù ún, wọ́n sì fún un ní ẹja ńlá kan tó dí i lẹ́nu. Àkọ́bí kó bọ́tìnnì tó mú wá fún bàbá rẹ̀ padà sápò, ó bi bàbá rẹ̀ pé èwo ni yóò yan fún òun nínú ẹja. Àwọn apẹja tó kù ń wo orí ilé oníyìnyín, wọ́n ń wo ara wọn. Kò sẹ́ni tí kò mọ àmì náà mọ́. Obìnrin oníbúrẹ́dì wo inú agbọ̀n, ó ní wọ́n ti ti ìrìn-àjò dé, òun dá ìyá ẹja yẹn mọ̀.

Ẹja tó sá nígbà tí omi dàrú ti padà sórí àpáta látìgbà tí omi ti tòrò. Táǹkì ni wọ́n gbé kúrò.