Wọ́n Fẹ́ Fi Ìfun Bàbá Mi Ṣe Ìṣirò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti bàbá mi, torí inú ṣì ń bí mi díẹ̀!

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Inú ń run wọ́n, ẹ̀jẹ̀ sì ń bá ìgbẹ́ wọn jáde. Mo ní kí wọ́n wá bá mi l'Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo, níbi tí mo ti ń ránṣọ. Ní ọsibítù, dókítà fi rọ́bà tó ní kámẹ́rà wo inú ìfun wọn, ó gé bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. A dúpẹ́, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọ́n lo oògùn, ara wọn ń yá.

Àfi bí ọmọbìnrin kan ṣe pè mí. Ó ní yunifásítì lòun wà, òun fẹ́ gbàyè láti lo fọ́tò ẹran ìfun bàbá mi tí dókítà gé. Mo ní ṣé dókítà ni? Ó ní rárá, ìṣirò lòun ń ṣe.

Ìṣirò kẹ̀! Kí ló pa ìṣirò àti ìfun pọ̀? Láyé tí wọ́n ń wá ẹ̀yà ara èèyàn kiri yìí? Bàbá ní ká lọ bá a ní yunifásítì, ká fojú ara wa rí i. Mo tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n mo ní kí ọkọ mi máa pè mí léraléra. Ẹ̀yin ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ ni?

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wa. Mo ní nínú ara mi pé ìkúnlẹ̀ ò lè tàn mí jẹ. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, àwọn nǹkan róbótó-róbótó ń rọ́ lọ sókè níbẹ̀. Ó ní sẹ́ẹ̀lì nìyẹn, àwọn ẹyọ bíńtín tó para pọ̀ di ara wa. Awọ inú ìfun ní ihò wẹ́wẹ́, ìsàlẹ̀ ihò ni sẹ́ẹ̀lì tuntun ti ń jáde, wọ́n á máa ti àwọn àgbà sókè títí àwọn àgbà yẹn á fi já bọ́. Òun ń fi ìṣirò wádìí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí àwọn tuntun bá pọ̀ ju àwọn tó ń já bọ́ lọ.

Bàbá sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Inú ọmọ náà dùn, ó nàka: “Fọ́tò tiyín gan-an ni mo fi ṣe èyí, bàbá.”

Háà! “Tiwọn báwo? Ta ló fún ẹ láyè?”

Ó ní nígbà tí dókítà fi fọ́tò ránṣẹ́, òun rò pé a ti gbà. Ẹ̀yìn ìgbà tóun ti lò ó tán lòun gbọ́ pé wọn ò bi wá rárá. Ìdí tóun fi pè nìyẹn. Mo ti dìde, mo ń pariwo!

Bàbá ò pariwo. Wọ́n ní, “Yọ ọ́ kúrò ná. Lẹ́yìn náà, wá bi mí.”

Ó yọ ọ́ níṣojú wa, ojú kọ̀ǹpútà ṣófo. Ó wá bi wọ́n. Bàbá sì bi í bóyá ìṣirò yìí lè sọ bí àìsàn àwọn bá máa padà wá. Ó ní rárá, kò lè sọ ti ẹnì kan ṣoṣo. Bàbá wá ní kó máa lò ó, kó má ṣáà fi orúkọ àwọn sí i.

Èmi ní tèmi, mo gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Ó bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹnu yà á pé a tiẹ̀ béèrè.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìfura yín ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bí wọ́n bá gé nǹkan lára yín, ẹ béèrè ibi tó ń lọ. Ṣé wọ́n ti lo ohun tó jẹ́ tiyín láì tọrọ rí? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, bàbá mi ní kí n máa kà á fáwọn.