Ọwọ́ Afojúwọ̀n Lára Àbúrò Rẹ̀

Aránṣọ ni obìnrin náà láti kékeré, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gbẹ̀yìn. Afojúwọ̀n ni tọmọdé tàgbà ń pè é, títí kan ìyá tó bí i, nítorí kì í fi téèpù kan ara oníbàárà. Bó o bá wọlé, á wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan láti orí dé ẹsẹ̀, á ní kó o máa lọ, ó parí nìyẹn. Aṣọ tó bá gé fún ọ á bá ọ mu bí èèpo ṣe ń bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ mu.

Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Àǹtí Kékeré, ni wọ́n jọ ní ṣọ́ọ̀bù. Yàrá kan ni, tó dojú kọ títì: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì ìgéṣọ lábẹ́ fèrèsé, àti dígí gígùn kan tó ti là nígun. Afojúwọ̀n ń gé, Àǹtí Kékeré ń rán. Ogún ọdún ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ta ló mọ iṣẹ́ jù, torí ohun tó bá hàn kì í gba ìbéèrè.

Àfi ìgbà tí ọkọ̀ kan yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó fún ọwọ́ ọ̀tún Àǹtí Kékeré mọ́ ògiri. Wọ́n gé e ní ọrùn ọwọ́. Oṣù mẹ́ta ló fi jókòó sílé tó ń wo òkè àjà. Afojúwọ̀n ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi síbí bọ́ ọ, òun ló ń dirun fún un. Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún yín pé kò fẹ́ràn àbúrò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ nípa ọkùnrin kan tó ń ṣe ọwọ́ ẹ̀rọ. Dókítà Ọwọ́ làwọn èèyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe dókítà. Ó ṣàlàyé pé ọwọ́ náà á máa gbọ́ ohun tí iṣan apá bá sọ fún un, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ kankan. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ọwọ́ tí ì bá kọ́ ọ kò sì sí mọ́. Afojúwọ̀n ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi ní kí wọ́n lo tòun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wọ ìbọ̀wọ́ kan tó kún fún wáyà tín-ín-rín, tó ń wọ̀ ọ́ gé aṣọ, tó ń wọ̀ ọ́ di ìdí òwú, tí ìbọ̀wọ́ náà sì ń fi gbogbo ìrìn ìka rẹ̀ pamọ́. Lọ́jọ́ tí Àǹtí Kékeré fi ọwọ́ tuntun náà mú sísọ́ọ̀sì, àwọn méjèèjì sunkún ayọ̀.

Ayọ̀ náà ò tó oṣù méjì.

Afojúwọ̀n ní ìṣe kan tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ní. Kó tó gé aṣọ, á fi ẹ̀yìn ìka ra á lẹ́ẹ̀mejì, á wá rọra fa etí rẹ̀. Ọjọ́ kan ló gbójú sókè tó rí i tí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣe é bí ìgbà téèyàn bá pàdé ẹlòmíì nínú aṣọ tirẹ̀, tí aṣọ náà sì yẹ onítọ̀hún.

Lọ́dún yẹn gan-an ni oríkèé ìka tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Láàárọ̀, àfi kó ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná kó tó lè di bọ́tìnnì ara rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì ń yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó wà lára àbúrò kì í wú, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Bí tiẹ̀ ṣe rí nígbà tó dára jù lọ ni yóò máa rí títí.

Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ti ń bá ránṣọ tipẹ́ wá gé yunifọ́ọ̀mù. Ó ní kí Afojúwọ̀n má bínú, kó jẹ́ kí Àǹtí Kékeré bá òun gé e. Afojúwọ̀n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò kọjá eyín. Láti ọjọ́ náà, bí àbúrò rẹ̀ bá ti géṣọ tán, Afojúwọ̀n á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, á máa wá ibi tó wọ́. Kò rí. Ká ní ó rí ẹyọ kan péré, ara ì bá tù ú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wá àléébù sí, ìyẹn ò sì rọrùn.

Ìyá wọn ló wá da iyọ̀ sójú egbò. Ojú màmá ti ṣú, kò ríran dáadáa mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, Àǹtí Kékeré ń bá a tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, ọwọ́ náà sì fi ẹ̀yìn ìka ra á lẹ́ẹ̀mejì, ni màmá bá di ọwọ́ ẹ̀rọ náà mú, ó fi ìka wá a wò, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Afojúwọ̀n, o ti dé."

Afojúwọ̀n wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ omi dání. 

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣe ohun tí kò rò pé òun lè ṣe. Lọ́sàn-án, Àǹtí Kékeré máa ń bọ́ ọwọ́ náà, á fi sídìí iná mànàmáná kó lè gba agbára, á sì rẹjú lórí àga. Afojúwọ̀n yọ ọ́ nídìí iná, ó wé e sínú àgékù aṣọ, ó sọ ọ́ sínú báàgì, ó wọ bọ́ọ̀sì. Ó gbé báàgì náà lé itan bí ẹni gbé ọmọ. Ó dé ọ̀dọ̀ Dókítà Ọwọ́, ó ní kó yọ ti òun kúrò nínú ẹ̀. Ọkùnrin náà béèrè bóyá ẹni tó ni ín mọ̀. 

"Ẹni tó ni ín wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni ọkùnrin náà wí. "Ohun tẹ́ ẹ sọ yìí gan-an lòun náà sọ. Ó ní ká fún òun láyè díẹ̀, òun ò tíì mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún yín."

Bí wọ́n ṣe da omi tútù sí i lára nìyẹn. Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, Àǹtí Kékeré jókòó, apá aṣọ rẹ̀ ṣófo, ó ń fi ọwọ́ òsì àti eyín fa òwú sínú abẹ́rẹ́. Afojúwọ̀n gbé ọwọ́ náà lé tábìlì, ó ní òun jí i gbé ni.

"Mo mọ̀, Àǹtí mi. Mo lajú nígbà tẹ́ ẹ ń yọ ọ́."

"Kí ló dé tó ò dá mi dúró?"

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé e lọ ni. Látìgbà tí mo ti wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó tíì yìn mí. Ẹ̀yin ni wọ́n ń yìn lára mi. Tẹ́lẹ̀, mò ń jowú yín láti ìdí ẹ̀rọ mi lọ́ọ̀ọ́kán. Ní báyìí, ọrùn ọwọ́ mi lẹ wà."

 Kò wá sí Afojúwọ̀n lọ́kàn rí láyé rẹ̀ pé ẹnì kan ń jowú òun. Ojú tì í. Ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ náà tún dùn mọ́ ọn díẹ̀.

Àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ Dókítà Ọwọ́ ni, wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú ọwọ́ náà kúrò. Ó wá rí bí ọwọ́ ìkókó, kò lè di ife mú dáadáa. Oṣù mẹ́jọ ni Àǹtí Kékeré fi ń kọ́ ọ fúnra rẹ̀ láti inú iṣan apá, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àṣìṣe. Síkẹ́ẹ̀tì tó kọ́kọ́ gé, ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju ìkejì lọ. Afojúwọ̀n rí i, ó kí i pẹ̀lẹ́, àmọ́ inú rẹ̀ dùn débi pé oorun àsùnwọra ló sùn.

Nígbà tó yá, ọwọ́ náà rí ọ̀nà tiẹ̀. Àárín aṣọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe etí. Ó ń lo téèpù, ó sì ń gé e gbọọrọ láìdúró. Aṣọ rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ara bí ti Afojúwọ̀n. Ó máa ń fò díẹ̀ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ń rìn. Àwọn kan ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n wá aránṣọ mìíràn lọ. Àwọn mìíràn ò fẹ́ òmíràn mọ́.

Ìka Afojúwọ̀n ò gbà á mọ́ láti géṣọ. Ó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, á wo oníbàárà, á fi ìka han àbúrò rẹ̀ pé ibí ni kó gbà. Àbúrò á fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ọ, á dúpẹ́, á sì gba ibòmíràn. Nígbà mìíràn, ibòmíràn náà ló dára jù. Afojúwọ̀n á fa àga sún mọ́ fèrèsé, á mú bọ́tìnnì tó lè gán, á máa bá owú tó wà lọ́kàn rẹ̀ jà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Owú ọmọ ìyá ni, ó sì mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́ sí, kì í ṣe ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́.