Ẹ Jẹ́ Kí N Kà Á Ná

Bàbá aránṣọ tó múlé tì wá ní Agblangandan kì í fọwọ́ sí ìwé láìkà á. Wọn á gbé awò wọn sójú, wọn á ní, "Ẹ jẹ́ kí n kà á ná."

Nígbà tí ìjọba pè wá sípàdé nípa ọ̀nà tuntun, ìwé kan ń lọ káàkiri. A rò pé orúkọ àwọn tó wá ni. Bàbá ń kà á lọ́wọ́ ni mo pariwo: "Bàbá, ẹ ṣe kíá, ìrun ti tó!" Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo fọwọ́ sí i. Gbogbo àwa yòókù náà fọwọ́ sí i.

Àṣé a ti gbà kí wọ́n wó ilé wa. Lónìí, ọ̀dà pupa ti wà lára ògiri gbogbo wa, títí kan ti Bàbá tí kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Mo mú ìwé ìkìlọ̀ tí ìjọba fún mi lọ bá Bàbá.

"Ẹ jẹ́ kí n kà á ná."

Mo jókòó, mo ń dúró.