Ọkọ Tí Vlastimil Yàn fún Igbó Ìyá Àgbà

Ọdún márùndínlógójì ni Vlastimil Hruza fi ṣiṣẹ́ rélùwéè. Òun ló ń sọ fún ọkọ̀ ojú irin pé kó dúró tàbí kó máa bọ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí kò sí ọkọ̀ tó máa pàṣẹ fún mọ́, ó kó gbogbo àṣẹ náà wá sílé. Libuše ìyàwó rẹ̀ fara dà á fún ọdún méjì gbáko. Lẹ́yìn náà ló gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ wá nǹkan ṣe nínú ọgbà, bóyá ewéko á gbọ́ràn sí i lẹ́nu ju òun lọ.

Igbó, irú èyí tí àwọn kan ń fà bíi sìgá, ni Vlastimil mú. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ ya ẹnu. Lábúlé wa níhìn-ín ní Moravia, kò sí ìyá arúgbó tí kò ní ìgò ìpara igbó kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n á se ewé àti òdòdó rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á máa fi pa orúnkún. Ọlọ́pàá abúlé mọ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń yà wá, á ka igi igbó tó wà nínú ọgbà, á ní wọn kò pọ̀ jù, á sì gba ìgò kan fún ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ òfin parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n igbó ti Vlastimil kì í ṣe igbó lásán, ó kéré tán lẹ́nu Vlastimil. Ọ̀dọ̀ ìyá Libuše ni irúgbìn rẹ̀ ti wá, Ìyá Àgbà ni Vlastimil sì sọ ọ́. Libuše ló máa ń kun òdòdó aláwọ̀ búlúù sára ògiri ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tiwa bí òtútù bá ti ń lọ, iṣẹ́ tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Làkúrègbé ti wá wọ ọmọ ìka rẹ̀. Ó lo ìpara ilé ìtajà oògùn, kò ràn án. Ó lo tàwọn aládùúgbò, kò ràn án. Ìpara Ìyá Àgbà nìkan ló ń jẹ́ kó lè di búrọ́ọ̀ṣì mú. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, irúgbìn méje péré ló ṣẹ́ kù, wọ́n sì ti gbó. Mẹ́ta ló hù, abo méjì, akọ kan. Bí wọn kò bá so irúgbìn tó ṣeé fọkàn tán, Ìyá Àgbà ti tán láyé nìyẹn, ọwọ́ Libuše náà sì ti kú.

Ẹlòmíràn ì bá gbin akọ àti abo sójú kan náà, kó lọ sùn. Ṣùgbọ́n abo igbó tí lẹ́bú akọ, ìyẹn ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ tó ń mú abo lóyún, bá ti bà lé, irúgbìn ló ń kó gbogbo agbára rẹ̀ sí, òdòdó rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ìpara mọ́. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni Vlastimil fẹ́ kó lóyún. Ìyókù gbọ́dọ̀ wà ní wúńdíá, kí ìpara ọdún yìí má bàa bàjẹ́. Ó gbé akọ náà sínú ìkòkò, ó gbé e lọ sókè àjà, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀ láti fi gba lẹ́bú, ó sì tì í mọ́lé. Nígbàkígbà tó bá lọ wò ó, á wẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ títí kan ìbọ̀sẹ̀, kó tó tún fẹsẹ̀ kan ọgbà. Àlejò tó bá wá kí i á rò pé ó ń bọ̀ láti yàrá iṣẹ́ abẹ ni.

Ó tún fi òfin de ìyàwó rẹ̀. “Ìyá Jarmila, láti òní lọ, má ṣe wọ inú ọgbà yẹn mọ́,” ló wí nínú oṣù Karùn-ún. Jarmila ni ọmọ wọn tó wà ní ìlú Brno, tó ti yọwọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. “Ìṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì rẹ lè kó lẹ́bú wá láti ìta. Ohunkóhun tí o bá rí, má fọwọ́ kàn án, má dá sí i.”

“Àwọn àlùbọ́sà mi ńkọ́?”

“Màá bá ọ wò wọ́n. Torí ọwọ́ rẹ ni mo ṣe ń ṣe gbogbo èyí.”

“Mo dúpẹ́ o,” ni Libuše wí, ó sì lọ jókòó.

Ọ̀tá tó kù wà lódì kejì fẹ́ǹsì. Alojz Kubik ni orúkọ rẹ̀, apẹja ni, irúgbìn igbó sísè ló sì fi ń dẹ ẹja. Àpò irúgbìn kan ń bẹ lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Vlastimil kò lè sùn nítorí àpò yẹn.

“Kubik, tí ọ̀kan nínú wọn bá jábọ́ ńkọ́? Tó bá hù ńkọ́? Tó bá wá lọ jẹ́ akọ ńkọ́?”

“Mo máa ń sè é, Ọ̀gá Rélùwéè. Ṣé o ti rí ẹ̀wà sísè tó hù rí?”

“Mò ń ṣọ́ ẹ o.”

“Jọ̀ọ́, ṣọ́ mi dáadáa. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kò sẹ́ni tó ń wò mí mọ́.”

Vlastimil kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àga sídìí fẹ́ǹsì, ó kọjú sí ọgbà Kubik, ibẹ̀ ló sì jókòó sí jálẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà. Kò sí ewé kan tó yọ ní ọgbà Kubik tí kò mọ bàbá àti ìyá rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹjọ, ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Vlastimil ti lọ kìlọ̀ fún Kubik kó má ge koríko, ó sì ti bẹ ìyá tó ń gbé ní ọ̀kánkán ilé rẹ̀ kó má gbọn kápẹ́ẹ̀tì. Ó ti po lẹ́bú akọ náà mọ́ ìyẹ̀fun gbígbẹ díẹ̀ kó lè kárí, ó rọ ọ́ sínú ìgò kékeré. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù nínú ti ìyàwó rẹ̀ láìtọrọ. Ó fi kan òdòdó ẹ̀ka tó yàn, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mí díẹ̀díẹ̀. Ó fi àpò bébà tí wọ́n fi di búrẹ́dì bo ẹ̀ka náà, ó fi òwú so ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fín omi sára gbogbo ìyókù igi náà, torí lẹ́bú tí omi bá ti kàn ti kú. Ó wá so páálí kékeré mọ́ ọn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Òun nìkan ló ń wọ inú ọgbà, a kò mọ ẹni tó ń kọ̀wé sí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni kò jẹ́ kí ọwọ́ tirẹ̀ gan-an kan igi méjèèjì. Nígbà tó tú àpò náà, irúgbìn kún inú rẹ̀. Ayọ̀ mú kó fò sókè, ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ló bá fọwọ́ kan ẹ̀ka tó tẹ̀ lé e, kó kàn lè rí ìyàtọ̀. Irúgbìn. Ó kan òmíràn. Irúgbìn. Ó lọ sídìí igi kejì tí kò sí àpò kankan lára rẹ̀, irúgbìn ló ṣù sí i lára bọ́ọ̀bọ́ọ̀. Àwọn ti ìta tilẹ̀ ti dúdú, wọ́n ti gbó ju àwọn tó wà nínú àpò lọ. Nígbà tó wá yẹ inú àpò wò dáadáa, ó rí dúdú níbẹ̀ náà láàárín àwọn tútù. Ọkọ mìíràn ti débẹ̀ ṣáájú ọkọ tó yàn.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Kubik, kò kan ilẹ̀kùn.

“Olè! O ti bà mí láyé jẹ́! Níbo lo gbìn ín sí?”

“Kí ni mo gbìn?”

“Akọ! Akọ igbó!”

Kubik gbé ọ̀bẹ tó fi ń ha ẹja sílẹ̀, ó nu ọwọ́. “Wọlé wá, kó o wá a. Ó wù mí kó o rí nǹkan kan, kí ara lè tù ẹ́.”

Wọ́n wá gbogbo ọgbà náà. Àlùbọ́sà ni wọ́n rí, àti kábéèjì, àti garawa ekòló kan. Kubik bu ògógóró tó fúnra rẹ̀ pọn fún un, Vlastimil kọ̀. Kubik mu tirẹ̀, ó mu ti Vlastimil, ó wá gun òkìtì ààtàn rẹ̀ kó lè rí gbogbo àyíká. Orí ibẹ̀ ló dúró sí, ó na ọrùn wo òdìkejì fẹ́ǹsì.

“Ọ̀gá Rélùwéè, gùn ún wá.”

“Kí n wá gun ààtàn?”

“Gùn ún wá, mo ní. Kí lo máa ń tẹ́ fún àwọn ẹyẹ nígbà yìnyín?”

Gbogbo abúlé wa ló ń bọ́ ẹyẹ nígbà òtútù. Pákó kékeré onítòrùlé ni wọ́n ń gbé kọ́ sẹ́yìn ilé, irúgbìn igbó ni wọ́n sì ń dà sí i, torí kò sóhun tí àwọn ẹyẹ kéékèèké fẹ́ràn tó o. Ìdajì ni wọ́n ń jẹ, ìdajì ni wọ́n ń dà sílẹ̀. Vlastimil gun ààtàn. Láti ibẹ̀ ló ti rí ẹ̀yìn ilé irinṣẹ́ tirẹ̀ gan-an, ibi tí kò yà sí láti ìgbà tó ti gbé àga sídìí fẹ́ǹsì. Akọ igbó kan dúró sábẹ́ pákó ẹyẹ náà, ó ga jù ú lọ, ó ti gbó, ó ti gbẹ, ó ti ṣe ohun tó wá ṣe láyé tán.

“Ó sanra o,” ni Kubik wí. “O tọ́jú ẹ̀.”

Vlastimil sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní kíṣìnnì. Ojú ń tì í gan-an ni, kò tiẹ̀ yọ bàtà.

“Ìyá Jarmila, akọ kan wà lẹ́yìn ilé irinṣẹ́.”

“Mo mọ̀.”

“O mọ̀? Láti ìgbà wo?”

“Láti oṣù Kẹfà. Mò ń rí i láti ojú fèrèsé yàrá.”

“O wá dákẹ́!”

“Ta ló ní ohunkóhun tí mo bá rí, kí n má dá sí i? Mo rò pé ìdán rẹ mìíràn ni.”

Vlastimil jókòó. “Gbogbo rẹ̀ ti dàpọ̀. Ìyá Àgbà ti parí. Irúgbìn ìyá rẹ, Ìyá Jarmila, èmi ni mo bà á jẹ́.”

Libuše fa àga kan, ó jókòó tì í. “Ìyá mi ò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Etí ọ̀nà ló ń gbìn ín sí, pẹ̀lú ti gbogbo aládùúgbò, okùn ló fi ń ṣe. Àdàpọ̀ ni látọjọ́ tí aláyé ti dáyé.”

“Kí ló wá ń wo ọwọ́ rẹ sàn?”

“Bàbá Jarmila, ṣé o ti gbàgbé ni? Lẹ́yìn oúnjẹ, ìwọ lo máa ń pa á fún mi. Ìka kan, ìka kan, wákàtí kan gbáko, wàá máa ròyìn ọkọ̀ tó pẹ́ dé lọ́dún wo fún mi. Láti oṣù Karùn-ún, ìgò lo ń gbé lé mi lọ́wọ́. O ní kí n máa pa á fúnra mi, pé iṣẹ́ pọ̀ níta.” Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì. “Ọwọ́ wo ni kí n fi pa ọwọ́?”

Vlastimil dìde, ó fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ó gbé ìgò ìpara èṣí sílẹ̀, ó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò, ó ń bọ̀. Nígbà tó dé ìka àárín, ó rọra gbìyànjú láti nà án, kò nà. Ó tún gbìyànjú. Nínú oṣù Karùn-ún ó ṣì ń nà.

“Ó ti tó oṣù méjì báyìí,” ni Libuše wí. “Máa pa á lọ.”