Bàtà Wọn Ni Mo Máa Ń Wò

Mo mọ bàtà àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú ju bí mo ṣe mọ ojú wọn lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń bá mi sọ̀rọ̀, ojú mi á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí mo bá fi tipátipá gbé e sókè, ara mi á gbóná, ọ̀rọ̀ á pòórá lẹ́nu mi. Ọ̀gá wa ti bi mí rí pé, "Ojú lọ̀rọ̀ wà, kí lò ń fi pamọ́?" Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi ní Yaba náà a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Bébì, èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ àbí ṣúù mi?" A jọ máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò pa á lẹ́rìn-ín mọ́, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nílé wa ní Mushin, ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń pè é. Télọ̀ ni bàbá mi, wọn a sì máa fi mí yangàn lójú àwọn kọ́sítọ́mà: "Ẹ wo ọmọ yìí. Kò wo ojú àgbà rí." Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó ń wo ojú àgbà gba ìgbájú, èmi gba ẹran. Ta ni yóò wá sọ fún wọn pé n kì í wo ojú ọmọdé náà?

Lọ́dún tó kọjá, ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọn ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Dókítà ní èyí tó ti lọ ò lè padà, èyí tó kù náà ò ní pẹ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ní kí n wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Wọ́n sún àga wọn mọ́ mi.

"Gbójú sókè. Gbogbo ayé ní ẹyinjú olóògbé ìyá ẹ lo gbé wá. Jẹ́ kí n rí i kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi."

Ọlọ́run gbọ́, mo gbìyànjú. Ojú mi gun jàlàbíà wọn dé ọrùn, ó dé irùngbọ̀n, ó tún já bọ́ sórí sílípáàsì wọn. Mo gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún já. Omi ń bọ́ lójú mi, inú sì ń bí mi sí ara mi. Bàbá mi ò bèèrè nǹkan lọ́wọ́ mi rí.

Wọ́n dúró títí. Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Ọmọ mi. O ò yí padà. Ẹ̀kọ́ tá a kọ́ ẹ ṣì wà lára ẹ. Ọlọ́run á bùkún ẹ."

Mo fẹ́ sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀kọ́. Àmín ni mo ṣe.

Wọn ò ríran mọ́ báyìí. Mo máa ń jókòó tì wọ́n lẹ́nu ọ̀nà yẹn, a ó máa sọ̀rọ̀. Èèyàn á rò pé ó ti yẹ kó rọrùn fún mi. Bàtà wọn ni mo ṣì ń wò.