Ọkọ̀ Tó Rì ní Portsmouth

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Súnkànmí, tó ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Brampton, fi ń ronú nípa ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó rì nítòsí èbúté Portsmouth ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì fà á jáde nínú omi, wọ́n gbé e sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan níbẹ̀. Kì í ṣe odindi ọkọ̀ o. Bí ìdajì rẹ̀ ló kù. Ìdajì náà ló wu Súnkànmí. Nígbà tó gba ìsinmi, ó ṣètò ọjọ́ mẹ́rin: ọkọ̀ lọ́jọ́ kìíní, ilé ìṣọ́ gíga etí omi lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ méjì tó kù.

Àṣìṣe kan ló ṣe. Ó sọ fún àna rẹ̀.

Bọ̀dá Dáramọ́lá, ẹ̀gbọ́n Oyinkán ìyàwó rẹ̀, ti ń gbé Portsmouth fún ogún ọdún, kò sì dé ibi ọkọ̀ náà rí. Ó ní igi jíjẹrà kò ṣàjèjì sí òun. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti fi ètò tirẹ̀ ránṣẹ́: kíkí àwọn àgbà, kíkí Faridah aládùúgbò tó bí ìbejì, kíkí pásítọ̀, ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oyinkán rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó fẹ́ wo ọkọ̀ kì í sọ fún àna.

Ní Sátidé, Súnkànmí gbé fóònù ti agolo mílíìkì nílé ìdáná, ó pe àna rẹ̀ kí wọ́n lè rí ara wọn. Ó kí i, ó bèèrè àlàáfíà ilé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Súnkànmí? Àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ni?”

“Ó wà nílẹ̀, Bọ̀dá mi,” ni Oyinkán dáhùn. “Ó ń dọ̀bálẹ̀ nítorí ọkọ̀.”

“Ọkọ̀ wo?”

“Èyí tó rì, sà,” ni ohùn kan wí láti ìsàlẹ̀. “Ọjọ́ kan péré, sà.”

Wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ fún Bọ̀dá Dáramọ́lá nítorí ìyàwó rí, kì í ṣe nítorí igi. Àánú ṣe é.

“Dìde, àna mi. Ọjọ́ kẹta di tìrẹ. Ṣùgbọ́n àna kì í dá rìn nílùú wa. Gbogbo wa là ń lọ: èmi, pásítọ̀, Faridah àtàwọn ìbejì. A ó gbé kúlà ìrẹsì dání, ká jẹun nídìí ọkọ̀ náà.”

Súnkànmí dúpẹ́ títí, ó pa fóònù. Ìgbà náà ló rántí pé wọn kì í gbé oúnjẹ wọ ibẹ̀. Ó wo ojú Oyinkán.

“Má wò mí,” ni obìnrin náà wí. “Ilẹ̀ tí o dọ̀bálẹ̀ sí ṣì wà níbẹ̀.”